Bàtà Màmá Lórí Yìnyín

Òórùn tùràrí ló gba pálọ̀ wa ní Hellersdorf, níbí ní Berlin, lọ́jọ́ tí Màmá mi dé láti Ìbàdàn. Ó ti wọ inú aṣọ funfun ìjọ wọn débi pé ìrìn àjò òfurufú ò lè lé e kúrò. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Hamburg ni wọ́n torí ẹ̀ wá. Àwọn dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀rù ń bà á, Màmá ló sì ń retí.

Mo mọ̀ pé Hamburg ló yẹ ká forí lé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ti tán mi lókun, mo ti gba Urlaub, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti gba yàrá nítòsí Nationalpark kan lápá gúúsù, lórí àwọn òkè gíga tí yìnyín ayébáyé bò. Mo ní, "Màmá, a máa kọ́kọ́ lọ sórí òkè ná."

Ojú wọn tàn. "Orí òkè! O ṣé, ọmọ mi. Ká bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ká tó bá dókítà sọ̀rọ̀."

Ẹ ṣáà mọ ohun tí orí òkè jẹ́ létí Aládùúrà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀, mo ń di báàgì mi lọ.

Màmá gbààwẹ̀ délẹ̀ ibẹ̀. Yìnyín náà tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti bọ́ bàtà bí ẹni tó dé ilẹ̀ mímọ́, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ àbúrò mi. Ọmọbìnrin mi tó bá wa lọ pariwo, "Oma, die Schuhe!" Màmá àgbà, bàtà yín! Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú. Ojú tì mí. Mo kọjú sí pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé yìnyín náà ń dínkù lọ́dọọdún, mo ń kà á bí ẹni pé n kò mọ obìnrin yẹn rí. Nígbà tí mo wá lọ bá wọn, ẹsẹ̀ wọn ti kú. Mo ń fọwọ́ ra á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀. Ọlọ́run ti gbọ́ wa."

Àwọn dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, kí a tó dé Hamburg. Àbúrò mi nìkan ló wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, láìsí Màmá. Nígbà tí Màmá sọ ibi tí a ti ń bọ̀, àbúrò mi di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ ṣé o, Àǹtí mi. Ẹ̀yin lẹ gbé Màmá lọ gbàdúrà fún mi."

"Àmín" ni mo rí sọ.

Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ọpẹ́ ni. Àdúrà Màmá kì í ṣe irọ́, èmi ni mo fi irọ́ gbé wọn débẹ̀. Wọn ò yéé bi mí lórí fóònù pé ìgbà wo la máa padà lọ dúpẹ́ lórí òkè mi. Mo máa ń ní kò ní í pẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó máa ń ṣe mí nígbà mìíràn bíi kí yìnyín náà ti yọ́ tán.