Omi Eérú Tí Mo Ṣí Sílẹ̀

Èmi ni mo ba omi náà jẹ́. Kì í ṣe ọmọbìnrin tí wọ́n dá lẹ́bi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì dákẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbálẹ̀ yàrá kẹ́mísìrì. Ìwé kẹta girama ni èmi fúnra mi kà dé. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú ní Odígbó, torí náà nígbà tí olùkọ́ kẹ́mísìrì, obìnrin kan tí kì í pariwo, ní òun ń wá omi eérú tó lágbára, èmi ni mo lọ sun èépo kòkó, mo da omi sí eérú rẹ̀, mo sẹ́ ẹ.

Olùkọ́ po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ omi náà. Ó ní ásíìdì amínò ni, irú èyí tí ara wa ń rí nínú ẹja àti ẹ̀wà, tó fi ń mọ ẹran sára. Ó wá da fínígà lé páúdà àwọn ẹlẹ́kéèkì, ó sì gba gáàsì tó jáde sínú ìgò oníke, gáàsì kan náà tí èèyàn ń mí síta. Ó bu omi wa díẹ̀ sí i, ó dé e, ó mì í. Ikùn ike náà wó wọnú bí ẹni pé ọwọ́ kan fún un. Mo fò sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní omi lásán náà máa ń gba gáàsì yẹn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, kì í sì í pẹ́ tú u sílẹ̀. Ásíìdì amínò ní apá kan tó fi ń dì í mú, omi eérú ló sì ń tú apá náà sílẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá ti so pọ̀, wọ́n ti di nǹkan mìíràn nínú omi nìyẹn. Inú ike ṣófo, afẹ́fẹ́ ìta tẹ̀ ẹ́ wọnú.

Ọmọbìnrin kan ní ìwé karùn-ún ni wọ́n yàn pé kó ṣe é níwájú àwọn alábẹ̀wò. Bó bá yege, ó di Àkúrẹ́ fún ìdíje ìpínlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Aráròmí-Obu, kò sì sí ẹni tí ìwé ti gbé dé Àkúrẹ́ rí nílé wọn.

Ní Fúráìdé, olùkọ́ ní kí n rọ omi tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì, kí n dé e pa. Mo rò pé mo mọ omi eérú jù ú lọ. Nílé wa, abọ́ tó fẹ̀ la máa ń dà á sí, kí oòrùn fà á kó le. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Títí di àárọ̀ Mọ́ńdè ló wà ní gbangba, tó ń mu gáàsì inú afẹ́fẹ́. Ó ti yó kí wọ́n tó bu ú.

Níwájú àwọn alábẹ̀wò, ọmọ náà mì ike títí, ike dúró gbọn-in. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rántí abọ́ tí mo ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn ní kó fi òógùn rẹ̀ kún un, bóyá á gbọ́. Ọ̀gá àgbà ní kò fi gáàsì kún ike dáadáa, pé kò múra sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló lọ sí Àkúrẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé e mì kí n tó lọ bá olùkọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Mo ṣí omi yẹn sílẹ̀."

Ó gbé ìgò tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Mo ní kí o dé e."

"Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é ni mo ṣe é, mà."

"Ìyá ẹ ń se ọṣẹ. Àwa ń se ọṣẹ ni?"

A po tuntun, a dé e. Lọ́wọ́ èmi gbálẹ̀gbálẹ̀ ni ike náà ti wó wọnú. Olùkọ́ lọ bá ọ̀gá àgbà, wọ́n sì gbà pé ọmọ náà yóò tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ ti ń jẹ́ kí n jókòó lẹ́yìn kíláàsì, kí n máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n kò dárúkọ mi fún ọmọ náà. Ó ní ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Ọmọ náà ṣì gbà pé ọwọ́ òun ló kùnà. Lánàá, mo bá a níbi tó ti ń ṣí ike, tó ń dé e, tó tún ń ṣí i. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀dá." Mo dá a lóhùn, mo kọjá. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè gbólóhùn kan, níṣojú àwọn ọmọkùnrin tó fi í ṣẹ̀sín: pé èmi ni.