Eyín Iwájú Ọmọ Ogun Stadig

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán lórí oko ní ọdún 1769, Torkel Stadig gé búrẹ́dì ọkà ráì jẹ, ó sì gbọ́ ìró kan lẹ́nu ara rẹ̀ bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Eyín iwájú rẹ̀ lókè ló jáde. Èkejì rẹ̀ ti lọ láti ìgbà ogun Pomerania, nígbà tí ìdí ìbọn ẹlòmíràn gbá a lẹ́nu. Kò sí ìkankan níwájú mọ́.

Botil, ìyàwó rẹ̀, wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó jókòó.

"Bàbá," ó ní, "àyẹ̀wò àwọn ọmọ ogun ńkọ́?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ méje."

Ìwé ni wọ́n fi ń di ẹ̀tù ìbọn. Ọwọ́ kan di ìbọn mú, ọwọ́ kejì gbé ìdì ẹ̀tù sẹ́nu, eyín iwájú sì fa ìwé náà ya. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí kò bá lè ṣe é, wọn á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé tí Torkel ń gbé, ọgbà rẹ̀ àti koríko tí màlúù rẹ̀ ń jẹ, ti àwọn olóko mẹ́rin tó ń bọ́ ọmọ ogun kan fún ọba ni. Kódà Stadig kì í ṣe orúkọ baba rẹ̀. Orúkọ ilé náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tó dúró gbọn-in. Stadig mẹ́ta ló ti jẹ ṣáájú rẹ̀. Èkínní kú sójú ogun ní Poltava, ibà pa èkejì ní Finland. Ojú ẹ̀kẹta ló fọ́ tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò. Torkel rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n mú wá rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lójúde pẹ̀lú ẹrù kékeré kan léjìká, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà. Agbe ló ṣe láti oko dé oko títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà, Torkel kò rẹ́rìn-ín síta mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń pa ètè dé kọrin. Bí ẹnì kan bá kí i, á fọwọ́ bo ẹnu kó tó dáhùn. Ó gbẹ́ eyín kan láti ara egungun àgùntàn, Botil sì fi òwú tí wọ́n fi ìda pa so ó mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí àyẹ̀wò ku ọ̀la, ó lọ gba aṣọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Gumme Larsson, àgbà àwọn olóko mẹ́rin náà, tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ogun kì í gbé aṣọ ọba sílé ara rẹ̀. Gumme gbọn ewé kíkorò tó ń lé kòkòrò kúrò lára kóòtù náà. Àwọ̀ aró ni, kọ́là àti inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, bọ́tìnnì rẹ̀ sì ń dán.

"Kóòtù yìí dùn ún wò jù ọ́ lọ, Stadig. Kí ló dé tó o fi ń fọwọ́ bo ẹnu bí ìyàwó tuntun?"

"Eyín ló ń dùn mí, Bàbá Gumme."

"Má jẹ́ kó dùn ọ́ lọ́la o. Ọmọ àbúrò mi ti tó ọmọ ogun, ó sì ń wá ilé."

Gumme rẹ́rìn-ín. Torkel kò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Gbogbo ọ̀nà títí dé ilé ni ó fi ń fi ahọ́n wá ibi tí eyín rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejì, wọ́n tò sórí pápá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan tí wọn kò rí rí ló wá yẹ̀ wọ́n wò. Ó yí kọ́là kóòtù Torkel wò, ó fa bọ́tìnnì kan, ó kọjá. Torkel ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí ni àṣẹ dún: kí wọ́n ki ìbọn, ẹ̀tù nìkan, kò sí ọta.

Ó ti pinnu pé eyín ẹ̀gbẹ́ ni òun máa lò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ṣe nǹkan kan fún ọdún méjìlélógún kì í gba ìmọ̀ràn. Ọwọ́ gbé ìdì ẹ̀tù náà sí iwájú tààrà. Ìwé kò ya. Eyín egungun ló fà tu, ó gún ìwé, ó há síbẹ̀. Torkel yára fi ẹ̀gbẹ́ ya ìwé náà, ó da ẹ̀tù, ó ki ìwé tẹ̀ lé e pẹ̀lú eyín tó wà nínú rẹ̀. Kò sí àyè láti yọ ọ́.

"Ẹ yìn ín!"

Ìbọn dún. Nǹkan kékeré kan ta pá lára igi bẹ́ẹ̀chì tó wà lókèèrè.

"Stadig," ni Kvick, ọmọ ogun tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "tìẹ nìkan ló ní ọta lónìí. Ta lo ń bá jà?"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti ń padà bọ̀, ó sì dúró níwájú Torkel.

"Kí ni òwú tó ń so lẹ́nu rẹ yẹn? Ya ẹnu."

Ó ya ẹnu. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí Botil lójúde pẹ̀lú ẹrù.

"Ta ló yọ wọ́n?"

"Ogun yọ ọ̀kan, Ọ̀gá. Búrẹ́dì yọ èkejì."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú ìlà, ó tètè gbé e mì.

"Kí lo wá fi ya ìwé náà?"

"Ẹ̀gbẹ́, Ọ̀gá."

"Ṣe é kí n rí i. Lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èrìgì rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀tù dàpọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì kó má bàa kán sára kọ́là ọba. Kọ́nẹ́ẹ̀lì yíjú sí akọ̀wé rẹ̀.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kájú ẹ̀. Ká tún wò ó ní àyẹ̀wò tó ń bọ̀."

Ìyẹn á di ọdún mẹ́ta sí i.

Gumme gba kóòtù padà, ó ka bọ́tìnnì, ó ti àpótí. Nígbà tí Torkel délé, Botil wo ojú rẹ̀. Ó mú búrẹ́dì kan sọ̀ kalẹ̀ lára ọ̀pá àjà tí wọ́n ń sá búrẹ́dì sí. Torkel nawọ́ gbà á, ṣùgbọ́n Botil fà á sẹ́yìn, ó fọ́ ọ sínú abọ́ mílíìkì, ó ń dúró kó rọ̀.

"Àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ yẹn, Bàbá," ó ní, "kì í ṣe tiyín mọ́. Ọba ló ni wọ́n. Ọjọ́ àyẹ̀wò nìkan lẹ ó máa lò wọ́n."

Torkel mú ṣíbí. Bó ṣe ń mu ún ni ahọ́n rẹ̀ ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.