Ọ̀dà Tí Kì Í Ṣá

Ìka méjì ló kọ́kọ́ gbéra kúrò lára sítíárìn. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dìde, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa ẹ̀gún yọ. Àtẹ́lẹwọ́ kò kúrò níbi tó wà, àtàǹpàkò kò mira, ìka ìfábẹ̀lá sì ká sábẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti gé e kúrò níbẹ̀. Ìka méjèèjì nà gbọnrangandan. Oòrùn àárọ̀ gba inú gíláàsì wọlé, ó tàn sí wọn léèékánná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sórí sítíárìn.

Lẹ́yìn ìka, ojú. Ojú Marvin Oberg, aládùúgbò tí ilẹ̀ ìjẹko màlúù rẹ̀ bá ti Ardith pààlà. Ojú náà rí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ tó ń kí. Ó rọ. Ọkọ̀ méjèèjì kọjá lára ara wọn, eruku gbalẹ̀.

Ardith Kovarik mọ ojú yẹn. Ó ti ń rí i láti ọdún méjì.

Lójú ọ̀nà oníyanrìn tó lọ sí Dunlow, láàárín àwọn òkè iyanrìn Nebraska, ìka kan ni wọ́n fi ń kíra nínú ọkọ̀. Ìka ìfábẹ̀lá, ọ̀kan péré. O kí ẹni tó o mọ̀, o kí ẹni tó ò mọ̀. Ẹni tí kò bá kí èèyàn, àlejò ni, tàbí inú ń bí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di koríko ti gba ìka ìfábẹ̀lá Lyle Kovarik, ọkọ Ardith, lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Ìka tó kàn, ti àárín, kò sì ṣeé nà lóun nìkan; èébú gidi ni níbẹ̀. Lyle gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ó nà án. Pásítọ̀ ló ṣe kòńgẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń na méjì. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń na méjì padà sí i. Yẹ̀yẹ́ pẹ́ títí, ó di ìkíni. Òun nìkan ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀.

Ọkàn Lyle ló dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà òtútù ọdún méjì sẹ́yìn, nínú àgbàlá màlúù, ó sì kú. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà. Pikọ́ọ̀pù ọdún 1972. Ara rẹ̀ búlúù, ó ti ṣá bí aṣọ iṣẹ́. Ilẹ̀kùn awakọ̀ pupa, nítorí pé akọ màlúù kan ti fi orí fọ́ èyí tó bá a wá. Ìdérí ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé, nítorí pé Lyle ṣí i sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ lọ gbá igi. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Bí ó bá yọ lórí òkè níwọ̀n máìlì kan, kí èèyàn tó rántí ẹni tó kú, ọwọ́ ti ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun kan wà tí Ardith kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, yóò wa ọkọ̀ náà lọ sí Dunlow láìnílò nǹkan kan. Máìlì méjìlá lọ, méjìlá bọ̀. Yóò ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì wà nílé. Ìka méjì yẹn ló ń wá lọ. Ìwọ̀nba ìgbà tí ojú kò tíì rọ, Lyle ló ń wakọ̀. Ẹlòmíràn náà gbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun nìkan.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń jẹrà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín ti jẹ ẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ihò tó wà lókè táyà ẹ̀yìn, ológbò lè gbà á wọlé. Ọ̀kan gbà á wọlé, ó bímọ síbẹ̀.

Nípàrí oṣù Kẹfà, ó gbé e lọ bá Delmar Hruska. Delmar ń kun katakata lọ́dà nínú ahéré ńlá kan lẹ́yìn ilé ọkà. Òun àti Lyle ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé, kò sì sí ohun tí kò lè sọ fún Ardith. Ó yí ọkọ̀ náà po. Ó fi ìka kan abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìka wọlé.

"Ìpẹtà ló so ọkọ̀ yìí pọ̀," Delmar wí. "Bí mo bá ha á kúrò, ó máa wó."

"Má ha á kúrò nígbà náà."

"Òtútù kan sí i, ilẹ̀ ẹ̀ á jábọ́. Ẹsẹ̀ lo máa fi máa sáré nínú ẹ̀."

"Mo ṣì lè sáré."

"Orúnkún wo lo fẹ́ fi sá a?"

Delmar mú un lọ sẹ́yìn ahéré. Ó ti kan páànù wẹ́wẹ́ mọ́ ara ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ooru àti yìnyín ti ń rí wọn dáadáa. Ọ̀dà kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún tó kàn án síbẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu ọ̀kan. Àtàǹpàkò funfun bí ẹni fọwọ́ kan ẹfun.

"Ọ̀dà katakata rèé. Ọdún mẹ́fà. Ó rọrùn, o lè fi rólà kùn ún fúnra ẹ. Àmọ́ wo ojú ẹ̀." Ó gbé òòlù, ó fi lu páànù mìíràn, gbà. Páànù tẹ̀. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ kò bó. "Ọdún kẹsàn-án nìyí. Rọ́bà wà nínú ẹ̀. Òun ni wọ́n ń wọ́n sínú ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù kí ẹrù má ha á. Mo lè wọ́n ọn sí gbogbo ara. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ò ní rí i ha, yìnyín ò ní rí i bó. Tó bá wù ẹ́, fi omi lásán fọ̀ ọ́. Tí kò bá wù ẹ́, fi í sílẹ̀."

Ardith fọwọ́ kàn án. Ó rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́.

"Bí mo bá fẹ́ bó o kúrò lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

"Ó máa rọrùn jù kó o bó awọ ara ẹ."

"Àwọ̀ mélòó lo lè fi sí i?"

"Èyí tó bá wù ẹ́. Àmọ́ àwọ̀ kan. Mi ò kun ọkọ̀ bí aṣọ aláwàdà."

"Lyle ò kà á sí aṣọ aláwàdà."

"Lyle wọ bàtà méjì tí kò bára mu lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ardith. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

Ó wà níbẹ̀. Ó ní òun á rò ó, ó wa ọkọ̀ lọ sílé. Àwọ̀ kan. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n lókèèrè?

Inú àpótí irinṣẹ́ Lyle ni ó ti rí agolo kan. Òróró ọ̀gbọ̀, èyí tí wọ́n ti sè, ààbọ̀ agolo; bí a bá fi pa igi tàbí irin, á gbẹ mọ́ ọn bí ọ̀dà tí kò láwọ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù, Lyle máa ń fi pa èèkù ṣọ́bìrì, èèkù àáké, èèkù òòlù. Bó bá wọlé jẹun alẹ́, òórùn rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè ṣí i nípò. Ardith ṣí ìdérí agolo. Ó yára dé e padà. Ó jókòó sórí bákẹ́ẹ̀tì kan fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó tún ṣí i.

Ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì Lyle kan tó ti gbó nu òróró náà sí etí ilẹ̀kùn. Pupa jí. Ó nu ún sí ìbòrí ẹ́ńjìnì. Búlúù jí, búlúù ọjọ́ tí wọ́n rà á, àfi kìkì ìpẹtà tó di àwọ̀ oyin láàárín rẹ̀. Kò sí ohun tó bò mọ́lẹ̀. Àpá ìwo màlúù wà níbẹ̀. Ibi tí apá Lyle máa ń fara ti lójú fèrèsé, tó ti ha títí dé irin, wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi pa á tán, ejìká rẹ̀ ń ta á. Delmar ti sọ nípa òróró yìí tẹ́lẹ̀: ọdọọdún ni wọ́n ń tún un pa, kì í ṣe iṣẹ́ arúgbó. Ardith ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ dídùn. Ọdọọdún. Òórùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Òróró ọ̀gbọ̀ kì í tètè gbẹ. Ó mọ̀. Lyle máa ń fi àwọn èèkù náà kọ́ sí àjà fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ títí wọ́n á fi gbẹ. Gbogbo ìyẹn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tó pa á tán, ó ṣí ilẹ̀kùn ahéré tirẹ̀ nílé, ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ara ọkọ̀ náà, ó sì rí bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ojú kán an. Ó fẹ́ kí Marvin rí i. Ó fẹ́ kí gbogbo ọ̀nà rí i.

Oṣù Keje ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gé koríko.

Kò tíì rin máìlì kan tí ọkọ̀ akóríko àkọ́kọ́ fi pàdé rẹ̀. Ìyàngbò fò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ. Ó bà sára ìbòrí ẹ́ńjìnì, kò fò mọ́. Iyanrìn tẹ̀ lé e. Tata kan bà síbẹ̀, ó tapá, ó tasẹ̀, ó dákẹ́. Ọkọ̀ akóríko kejì. Ìkẹta. Ardith ń wo búlúù náà bó ṣe ń lọ, lójú ara rẹ̀, kò sì sí ibi tó lè yà sí. Nígbà tó máa dé orí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Oberg, ọkọ̀ náà ti ní àwọ̀ òkè náà.

Marvin ń bọ̀ láti iwájú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárìn.

Ìka kan. Ìka ìfábẹ̀lá. Ojú rẹ̀ kò rọ, kò le. Ó kọjá.

Ọkọ̀ márùn-ún ló tún pàdé kó tó wọ Dunlow. Gbogbo wọn ló kí i dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo èèyàn.

Delmar wà níwájú ilé ìtajà oúnjẹ màlúù, kọfí lọ́wọ́. Ó wo ọkọ̀ náà títí.

"Ardith," ó ní, "ṣé ọkọ̀ lo gbé wá ni àbí àgùntàn?"

"Má bá mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀. Àgùntàn ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Ó na ìka, ó fi kan ìbòrí ẹ́ńjìnì, ó wo ìka náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Òróró ọ̀gbọ̀. Ọjọ́ mélòó lo fi sílẹ̀?"

"Ọjọ́ kan."

"Níbi tí wọ́n ti ń gé koríko."

"Mo ní má bá mi sọ̀rọ̀."

Marvin ti yí padà lọ́nà, ó ń wá wáyà rà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró. "Ìwọ lo kọjá lára mi lẹ́ẹ̀kan? Mo rò pé àlejò ni." Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Orúnkún yẹn ńkọ́? Ìyàwó mi ní o fi ṣubú lórí àtẹ̀gùn."

Ọdún méjì rèé tí Marvin kò bi í ní ìbéèrè kankan nípa ara rẹ̀. Lyle ló máa ń sọ, tàbí kó máa wo bàtà ara rẹ̀.

"Ó sàn díẹ̀," Ardith wí. Ọ̀rọ̀ náà ṣe àjèjì lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n gbìyànjú omi. Wọ́n gbìyànjú kẹrosíìnì. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn ti sè é pọ̀, iyanrìn àti òróró, ó sì le.

"Sánpépà lo ṣe," Delmar sọ nínú ahéré rẹ̀. "Sánpépà onítáyà mẹ́rin. N ò rí irú ẹ̀ rí."

"Ṣé ó máa kúrò?"

"Ó máa kúrò." Ó fi èékánná ha ìbòrí ẹ́ńjìnì. "Àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ á bá a lọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Delmar fi ẹ̀rọ ha á, Ardith fi ọwọ́ ha igun tí ẹ̀rọ kò dé. Eruku aláwọ̀ ewé bọ́ sílẹ̀. Eruku búlúù tẹ̀ lé e. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, Ardith ní òun fẹ́ mu omi, ó jáde, ó sì pẹ́ níta. Nígbà tó padà wọlé, ilẹ̀kùn ti di irin, pupa wà lára bàtà Delmar. Delmar gé ibi tó jẹrà kúrò, ó jó irin tuntun mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ tí yóò wọ́n ọ̀dà, ó dúró níwájú Ardith, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Mo sọ pé àwọ̀ kan. Mi ò takú sórí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Mo lè po búlúù, kí n fi pépà bo ilẹ̀kùn, kí n wá fi pupa sí i. Kí n fi àwọ̀ ewé sẹ́yìn. Á rí bó ṣe rí."

Ardith wo ọkọ̀ náà. Ó ń fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ débi pé eyín ń dùn ún. Ó rí i bó ṣe máa yọ lórí òkè, tí ọwọ́ wọn á gbéra. Lẹ́yìn náà ó rò nípa akọ màlúù tó fọ́ ilẹ̀kùn, àti bí Lyle ṣe bú u títí ilẹ̀ fi ṣú, tó sì lọ wá ilẹ̀kùn pupa ní ibi tí wọ́n ń da ọkọ̀ tó kú sí.

"Tó o bá kùn ún ní pupa," ó ní, "kì í ṣe nítorí màlúù mọ́. Nítorí èmi ni."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Wọ́n á máa kí i, Delmar. Á sì jẹ́ pé èmi ni mò ń tàn wọ́n."

Delmar ká aṣọ náà sí méjì. "Àwọ̀ wo wá ni?"

"Èyí tí eruku ò ní hàn lára ẹ̀."

Ó wọ́n ọn ní àwọ̀ iyanrìn, ìpele méjì. Nígbà tó gbẹ, Ardith wà á lọ sílé ní fèrèsé ṣíṣí. Marvin pàdé rẹ̀ lórí òkè. Ìka kan. Ardith na ọ̀kan padà. Ó wakọ̀ lọ díẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnì, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ akóríko mẹ́rin fi kọjá.

Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti kùn ún. Ọkọ̀ náà kò tíì dípẹtà. Ọkọ̀ Ardith ni gbogbo èèyàn ń pè é.