Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Títílọpẹ́ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé lọ́sàn-án Mọ́ńdè, ó ju àpò sórí àga, ó ní, "Mummy, inú yín máa dùn o! Mo ti sọ fún àwọn èèyàn Aunty Ifábùnmi ní West End pé ẹ máa wá. Saturday yìí ni. Mo ti change shift mi."

Ṣìkẹ́mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní West End?"

"Wọ́n fẹ́ fi fíìmù yín hàn. Tó bá parí, ẹ máa wá sun ẹkún ìyàwó yẹn fún wọn. Aunty Ifábùnmi ní àwọn obìnrin ibẹ̀ ti kọ́ ọ sórí."

Ẹ̀wà dà sílẹ̀. Mo gbé! ni Ṣìkẹ́mi wí nínú ara ẹ̀.

Kí ẹ tó máa rò pé ìyá yìí kò moore, ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí í ṣe. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀ ló ń gbé ní Ellenwood, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ogún ọdún ló fi ká aṣọ ibùsùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní College Park, tí bàálù ń kọjá lórí wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ pé ó ti gbajúmọ̀ rí. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà tí wọ́n ń gbé fíìmù sínú agolo kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngán láti fi hàn, ta ni kò mọ Ṣìkẹ́mi Ògúnjìnmí? Ọdún mẹ́fà ló bá ẹgbẹ́ òṣèré Ọ̀gá Adégbénró rìn. Ó sùn nínú ọkọ̀, ó sùn lórí ẹní nínú kíláàsì, bàbá ẹ̀ kò sì dárúkọ ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nítorí ọmọ tó ya ìyàkuyà ni wọ́n ń pe òṣèré nígbà náà.

Fíìmù kan ṣoṣo ló gbé e jáde. Ó ṣe ọmọge tí wọ́n fẹ́ fún ọkọ tí kò wù ú. Ọmọge náà kúnlẹ̀ níwájú bàbá ẹ̀, ó ń sun ẹkún ìyàwó:

"Bàbá mi, mo ń relé ọkọ, ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ mi,
Kí ọ̀nà tó sìn mí lọ lè mọ̀ mí bí mo bá ń bọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngán á máa fi etí aṣọ nu ojú. Ìyàwó Ẹlẹ́kún ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojú Ṣìkẹ́mi lẹ rí o. Ohùn yẹn kì í ṣe tiẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti yà á, lọ́dún 1979. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ṣìkẹ́mi ti fi pariwo lórí ìtàgé, ohùn ẹ̀ há pátápátá, oníkámẹ́rà sì ń padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì. Ni Ọ̀gá bá rántí Àyọ̀ká, ọmọ Alùfáà ilé kejì, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó máa ń sun ẹkún ìyàwó bó bá ń fọ abọ́. Wọ́n fi í sẹ́yìn ògiri pẹ̀lú máíkì. Ṣìkẹ́mi ń la ẹnu lásán níwájú, Àyọ̀ká ń sun ún lẹ́yìn. Nígbà tí fíìmù jáde, orúkọ Ṣìkẹ́mi nìkan ló wà níbẹ̀.

Bó ṣe di ẹni tó ń jẹ iyì oníyì nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kó sun díẹ̀ níbi ìnáwó, á ní ọ̀fun ń dun òun. Ọ̀fun wo ló ń dunni fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹ jọ̀ọ́?

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Ifábùnmi fúnra ẹ̀ pè é. Tíṣà ni, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó gba orúkọ Yorùbá nígbà tó di olórìṣà. Ó rọra ń to ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ìyá, nígbà tí màmá mi kú, mo gbọ́ ẹkún yín. Mi ò mọ ìtumọ̀, mo kàn ń sunkún. Ohùn yín ló jẹ́ kí n kọ́ èdè yìí."

Ṣìkẹ́mi kò lè jẹun mọ́. Ohùn yín! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó pinnu pé òun á jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn, kódà bí wọ́n bá máa ṣépè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nǹkan ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ó pe Tẹ́ní, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, Tẹ́ní sì wá nọ́ńbà Àyọ̀ká jáde.

Láàárọ̀ Fúráìdè, ó tẹ fóònù.

"Àyọ̀ká, Ṣìkẹ́mi ni. Ti fíìmù ọjọ́sí."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ṣì wà láyé?"

"Mo jí ohùn ẹ, Àyọ̀ká. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. "Jí kẹ̀? Ẹ ò mọ Alùfáà tó bí mi ni? Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù yẹn wá sílùú wa, ìyá mi gbọ́ ohùn mi, ó dì mí lápá mú, ó ní, 'Ìwọ nìyẹn!' Ká ní orúkọ mi wà níbẹ̀, bàbá mi ì bá lé mi jáde, ilé ọkọ wo ni mo fẹ́ wọ̀? Bí mo bá kírun tán, mo máa ń ṣàdúà fún yín pé ẹ ò tú àṣírí mi."

Ṣìkẹ́mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnì. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ara tù ú débi pé ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé kí n máa bò ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀?"

"Ká má rí i! Bàbá mi ti kú, ọkọ mi ti kú. Mo sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi pé èmi ni, wọ́n ní irọ́ ni Màmá ń pa. Ẹ dárúkọ mi níbẹ̀. Ẹ pariwo ẹ̀ dáadáa!"

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí fíìmù parí ní West End, Ṣìkẹ́mi dìde. "Ojú mi lẹ rí. Ohùn Àyọ̀ká ni, ọmọ Alùfáà, ará Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yìn ògiri ló wà." Ifábùnmi túmọ̀ ẹ̀ fáwọn yòókù. Ṣìkẹ́mi gbé fóònù tí Àyọ̀ká wà lórí ẹ̀ sẹ́nu máíkì, ohùn ìyá àgbà kan jáde, ó ti ya díẹ̀, àmọ́ òun náà ni: "Bàbá mi, mo ń relé ọkọ..."

Ifábùnmi bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ níwájú fóònù, ó gba ẹkún ìyàwó náà sun, àwọn obìnrin bí ogójì sì gbè é tẹ̀ lé e. Ṣìkẹ́mi náà lanu. Ohùn ẹ̀ kò dùn rárá, ó ń sun ún lọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń jáde.

Nígbà tí wọ́n sun ún tán, ohùn ọmọdé kan jáde nínú fóònù láti Ìsẹ́yìn. "Màmá, ẹ̀yin ni lóòótọ́?"