Àárọ̀ Tí Ìyá Wẹ Husseinat

Bí ẹ bá bi Husseinat léèrè ohun tó dùn jù nínú ìgbà èwe rẹ̀, kì í ronú kó tó dá yín lóhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kan nílé bàbá rẹ̀ ní Pákátà nílùú Ìlọrin ni, lọ́dún 1967, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ti sọ ọ́ fún Àlàó ọkọ rẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń dín dùǹdú lẹ́bàá Post Office, kódà ó ti sọ ọ́ fún oníbàárà tó kàn dúró kí iṣu rẹ̀ lè jinná. Ìtàn náà ò gùn rárá. Ìyá rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́.

Ẹ rọra, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ Hàlímọ̀tù, ìyá rẹ̀, ni. Obìnrin tó ń ran òwú fún àwọn ahunṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó tún ń bọ́ ọmọ márùn-ún, ibo ni yóò ti ráyè wẹ ọmọ ọdún mẹ́jọ? Nínú ilé yẹn, ọmọ tó bá ti lè gbé igbá omi ló ń wẹ ara rẹ̀ létí kànga, ọyẹ́ ì báà mú, ì báà má mú. Bàbá wọn, Àbùbákàr, ń rán gàárì ẹṣin, ọwọ́ tirẹ̀ náà ò dilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gẹ ọmọ.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Hàlímọ̀tù gbé omi kaná fún Husseinat nìkan. Ó pè é wá sẹ́yìnkùlé, ó fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bó o látorí délẹ̀, ẹ̀yìn etí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, gbogbo ibi tí ọmọdé kì í rántí fọ̀. Ó fi àdí àgbọn pa á lára títí ó fi ń dán. Ó lé tìróò fún un. Ó wá mú aṣọ olódòdó tí wọ́n rán fún Salimat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà Iléyá, ó wọ̀ ọ́ fún un. Odidi wàrà kan ló fi lé e lọ́wọ́, kò ní kó bù fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń jẹ ẹ́, ìyá ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń pe oríkì rẹ̀, "Àbẹ̀ní, Àbẹ̀ní mi." Husseinat ò gbọ́ kó pè é báyìí rí láìjẹ́ pé ó fẹ́ rán an níṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin wọ àgbàlá wá. Ìyá Kùmáásì ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé Kùmáásì ní ilẹ̀ Gánà ló ti ń ṣòwò abọ́ tánńganran. Ó wá kí wọn nílé, ó sì fẹ́ mú ọmọ kan lọ tí yóò máa bá a gbé. Ó wo Husseinat lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní, "Èyí náà ni." Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e sínú mọ́tò.

Ohun tí Husseinat mú kúrò nílé nìyẹn. Nínú gbogbo ọmọ ilé, òun ni wọ́n yàn. Ìyá òun sì fẹ́ràn òun débi pé kò jẹ́ kí òun lọ bẹ́ẹ̀, ó tún òun ṣe bí ìyàwó.

Ó sì nílò rẹ̀ ní Kùmáásì, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ìyá Kùmáásì kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fún un, iṣẹ́ ló fẹ́ kó ṣe. Abọ́ tánńganran ni Husseinat ń kiri nínú oòrùn, àwo lórí àwo, bí ọ̀kan bá sì ré bọ́ tí ara rẹ̀ bó, pàṣán ni. Kò fojú kan ilé ìwé. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń fi ìyá wọn fọ́nnu, òun náà á gbé tirẹ̀ kalẹ̀: omi gbígbóná, àdí àgbọn, odidi wàrà. Kò sí ọmọ tó lè bá a dù ú. Bí ara bá ń ta á lẹ́yìn pàṣán, á sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n yàn kì í sunkún.

Nígbà tó di ìparí ọdún 1969, ìjọba ilẹ̀ Gánà ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílé wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin ló rọ́ wálé nígbà náà pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n rí kó. Ìyá Kùmáásì fi ọjà sílẹ̀, ó fi gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀, òun àti Husseinat sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlọrin bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Ó gba yàrá kan ní Òkèlele, Husseinat sì ń bá a gbé níbẹ̀, torí ọmọ tí wọ́n bá ti fúnni, wọn kì í gbà á padà. Salimat ti wà ní kíláàsì kẹrin nígbà yẹn, ó ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n ní Husseinat ti dàgbà jù fún kíláàsì kìíní, kó máa kọ́ òwò.

Ẹ má rò pé ó bínú sí Salimat. Nígbà tí Salimat wọ ilé ẹ̀kọ́ tíṣà, Husseinat a máa di gàrí àti kúlíkúlí ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí Salimat fẹ́ akọ̀wé ìjọba, tí wọ́n sì kó lọ sí GRA, inú Husseinat dùn bí ẹni pé òun ni wọ́n gbé lọ. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bí gbogbo wa bá kó lọ GRA, ta ni yóò dín iṣu fún wọn?" Ó ní àárọ̀ tirẹ̀. Salimat ní ilé, ó ní ìwé, ṣùgbọ́n òun ni ìyá wẹ̀.

Lọ́dún 1978, Husseinat bímọ àkọ́bí rẹ̀, obìnrin. Àlàó, tó ń tún aago ṣe ní Táíwò Road, sá sókè sá sódò bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Hàlímọ̀tù sì di ẹrù rẹ̀, ó wá bá wọn wẹ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá ìyàwó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àfáà ṣàdúà, wọ́n sọ ọmọ ní Amdalat, wọ́n jẹ tuwó, wọ́n gba sàdáàkà wọn, wọ́n lọ. Ó wá ku àwọn obìnrin ilé nínú yàrá lórí ẹní: Hàlímọ̀tù tó gbé ọmọ sórí itan, Salimat tó gbé mọ́tò ìjàpá ọkọ rẹ̀ wá láti GRA, àti ìyàwó àbúrò wọn kan. Wọ́n ti yó, ara ti tù wọ́n. Ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Ó dùn, mi ò ní purọ́. Salimat sọ nípa ọjọ́ tó di gàárì tí bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn, tí ewúrẹ́ sì gbé gàárì wọ mọ́ṣáláṣí. Hàlímọ̀tù sọ bí bàbá wọn ṣe máa ń díbọ́n pé òun ti sùn kí àwọn ọmọ lè jí ẹ̀pà lápò rẹ̀. Ìyàwó àbúrò wọn náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nujú. Ló bá kọjú sí Husseinat, ó ní kí ìyá ìkókó náà sọ tirẹ̀.

Husseinat sọ ọ́. Kò fo nǹkan kan. Ó sọ ti omi, ó sọ ti tìróò, ó sọ bí wàrà náà ṣe rọ̀ lẹ́nu. Ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, nítorí kò tíì sọ ọ́ níṣojú rẹ̀ rí. Ó ní, "Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n lè dúró ní Kùmáásì."

Salimat ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ògiri.

"Husseinat, ṣé ìwọ ò wá mọ̀ títí di òní yìí? Wàlàhí, mo rò pé o ti mọ̀. Èmi ni Ìyá Kùmáásì wá mú o. Ó rí mi nínú aṣọ olódòdó yẹn nígbà Iléyá, ó ní èmi lòun fẹ́, Bàbá sì ti fi mí fún un. Mo ní mi ò lọ. Mo dì mọ́ òpó, mo ní bí wọ́n bá mú mi lọ n ó kú sọ́nà. Ni Ìyá bá ní kí n lọ sá pamọ́ sílé àwọn aládùúgbò. Ó wá wẹ ìwọ, ó wọ aṣọ mi sí ọ lọ́rùn. Ìyá Kùmáásì ò rí ojú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, aṣọ ló mọ̀. Inú ilé tí mo sá sí, mò ń gbọ́ tó ń sọ pé èyí náà ni, mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín."

"Bàbá ńkọ́?" Husseinat ló bi í.

"Bàbá dé, ó rí ẹni tó wà nínú mọ́tò. Ó kàn wo Ìyá, ó dákẹ́. Ṣé yóò máa bá ìyàwó rẹ̀ jà níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni?"

Hàlímọ̀tù ní, "Salimat, ẹnu rẹ kì í sinmi." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n yìn fún ọgbọ́n àtijọ́. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ló dun Husseinat ju gbogbo ọ̀rọ̀ Salimat lọ.

Òun náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kó ṣe? Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Husseinat ti kó tirẹ̀ káàkiri láti kékeré, oyin ló rò pé ó jẹ́. Àdí àgbọn yẹn, wọ́n fi pa á lára kí ọjà lè tà ni. Wàrà yẹn, wọ́n fi dí i lẹ́nu ni. Oríkì tí ìyá ń pè yẹn, ó ń fi dá a dúró lójú kan kí aṣọ aláṣọ lè bọ́ sí i lọ́rùn. Bàbá wọn sì ti máa ń sọ pé ọmọ kan péré lòun lè rán níléèwé. Bí Salimat bá ti lọ Kùmáásì, ta ni ì bá wọ yunifọ́ọ̀mù yẹn? Àárọ̀ kan ṣoṣo tó ní, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìrun alaásáárì, Salimat wa mọ́tò rẹ̀ lọ, ìyàwó ilé lọ fọ abọ́. Ó wá ku òun àti ìyá rẹ̀. Ọmọ ti sùn lórí ẹní láàárín wọn. Hàlímọ̀tù ń ká aṣọ ìkókó.

"Ìyá, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

Hàlímọ̀tù ò díbọ́n pé òun ò mọ ohun tó ń bèèrè. Ìyẹn náà, ẹ jẹ́ ká kà á sí rere fún un. Ó ká aṣọ kan, ó ká èkejì.

"Salimat ò jẹun, ó ń sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọkàn mi ò gbà á. Ìwọ, bí wọ́n bá ní kó o jókòó, o ó jókòó. O kì í sunkún láti kékeré. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, Husseinat. O ò ṣípá."

"Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣípá. Mo rò pé ẹ ti gbé mi."

Ìyá rẹ̀ tún mú aṣọ mìíràn ká. Ó ní, "Kádàrá ni. Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ṣebí o padà wá, o lọ́kọ, o bímọ, Àlùhàmúdùlílàhì. Ìwọ ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù nínú gbogbo wọn, mo mọ̀ pé o ò ní bínú sí mi."

"Kádàrá kọ́ ló wẹ̀ mí, Ìyá," Husseinat ní. "Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ mí."

Kò gbé ohùn sókè. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè sí ìyá ẹni, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ó kàn jókòó bó ṣe máa ń jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, omijé sì ń bọ́ sórí ọwọ́ náà, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni tó rí ohun tí kò rí rí.

Amdalat jí lórí ẹní, ó yanu, ó figbe ta. Hàlímọ̀tù sáré na ọwọ́ láti gbé e, ó ń sọ pé kó dákẹ́, kó dákẹ́, ọmọ dáadáa kì í pariwo. Husseinat di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ ó sunkún, Ìyá," ó ní. "Ẹ jẹ́ ó mọ ẹkún sun dáadáa."