Nígbà Tí Ó Ku Èmi Nìkan ní Ilé Ìgbẹ̀bí

Ọjọ́ tí wọ́n gbé iná sólà wá sí ilé ìgbẹ̀bí wa ni Fólúkẹ́, agbẹ̀bí tí a jọ ń ṣiṣẹ́, sọ fún mi pé físà òun ti jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kan ìṣó lórí òrùlé, àwa méjèèjì sì jókòó síta lábẹ́ igi.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Ilé ìwòsàn kan ti gbà mí sí iṣẹ́ ní London."

"Ìwọ náà?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá.

Abúlé wa kọjá Ayétòrò, ó sún mọ́ ẹnubodè débi pé àwọn aboyún ń ti òdìkejì, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, wá bímọ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo débẹ̀, àtùpà la fi ń gbẹ̀bí, kànga la ti ń pọnmi. Agbẹ̀bí mẹ́rin ni wá. Nígbà tó yá, wọ́n da ọ̀dà sójú ọ̀nà, fóònù dé, iná dé. Bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń dé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ: ọ̀kan lọ sí Saudi, èkejì lọ sí Kánádà. Fólúkẹ́, àbúrò wọn pátápátá, ló kù sọ́dọ̀ mi. Nígbà tí òun náà lọ, ó wá ku èmi nìkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá láti òdìkejì ẹnubodè. Ọmọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ibi ọmọ náà jáde, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò dá. Bí obìnrin bá bímọ tán, ilé ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le bí ìkúùkù. Tirẹ̀ rọ̀ bẹ̀tẹ̀. Mo ń fọwọ́ ra ikùn rẹ̀, mo pariwo:

"Fólúkẹ́, bá mi mú abẹ́rẹ́!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gílóòbù ń tàn yòò lórí mi.

Mo yíjú sí ìyá àgbà. "Ìyá, ẹ gbọ́wọ́ yín síbi tọ́wọ́ mi wà. Ẹ máa rà á, ẹ má dáwọ́ dúró."

"Ṣé báyìí?"

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

Mo sáré síbi firíìjì, mo mú abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, mo gún abiyamọ náà. A jọ ń rà á lọ títí ilé ọmọ fi le, tí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ìyá àgbà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sunkún, ó fi Faransé dúpẹ́. "Mẹsí, Màmá. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí ni?"

"Èmi nìkan ni, Ìyá."

Láti ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìyá abúlé jọ, tí mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ra ikùn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọn kò tíì rán agbẹ̀bí mìíràn wá. Baálẹ̀ ni mo fa kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ̀bí lé lọ́wọ́.

Ayétòrò ni mo ń gbé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà pè mí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan kò dá lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò, wọ́n ń ra ikùn rẹ̀ láti abúlé títí dé ilé ìwòsàn. Obìnrin náà yè.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dìde, mo jó díẹ̀ nínú yàrá mi. Kò sẹ́ni tó rí mi.