Alhaja Bá Ọjọ́ Jímọ̀ ní Vancouver

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Bẹẹrẹ nílùú Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi jù, Ọjọ́bọ̀ kan ni mo máa sọ. Ọjọ́ náà ni físà Alhaja Sàfú jáde, Jímọ̀ ọjọ́ kejì sì ni ìkómọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Vancouver, ní Kánádà. Ọdún méjìlá ni Kúdírá ọmọ rẹ̀ fi wá ọmọ nílé ọkọ. Nígbà tí Ọlọ́hun wá dá a lóhùn, Kúdírá ní ìyá òun nìkan ni yóò sọ ọmọ náà lórúkọ.

Alhaji Múnírù, àbúrò ọkọ Alhaja àti olórí agboolé wọn ní Ọ̀rányàn, bá a wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Wákàtí mélòó ni ìrìnàjò ọ̀hún?"

"Bàálù méjì ni wọ́n máa wọ̀, sà. Bí wọ́n bá gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́ òní, á tó wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó débẹ̀."

Ó ka ìka rẹ̀. "Sátidé ti wọlé nìyẹn! Ìyá Kúdírá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ jẹ́ kí àáfà tó wà lọ́hùn-ún sọ ọmọ lórúkọ."

Alhaja bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi, nítorí àwọn oníbàárà mi a máa di aago Ìbàdàn mọ́ gàrí nínú àpò lọ sókè òkun.

"Sà, ìwọ̀-oòrùn ni Vancouver wà. Bí aago kan òru Sátidé bá lù níbí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni tiwọn. Ìgbà ooru wọn sì nìyí, mágàríbì wọn a máa pẹ́ gan-an."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjà lo fẹ́ tà, ọmọ yìí."

"Ẹ pe Àáfà yín, sà."

Ó pè é lóòótọ́. A jọ gbọ́ ìdáhùn náà: "Ibi tí ọmọ bá wà la ti ń ka ọjọ́ rẹ̀. Bí oòrùn ò bá tíì wọ̀ níbẹ̀, Jímọ̀ ò tíì lọ."

Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú tíkẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ máa ń dá èrò dúró níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bàálù di ọjọ́ kejì. Mo wá a títí ojú fi ń ro mí, kí n tó rí ìjókòó kan ṣoṣo tó lè gbé e débẹ̀ lásìkò. Alhaji tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ gbé Alhaja lọ sí Èkó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà Sátidé tán ni mo rí fídíò tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ lóru sórí fóònù mi. Alhaja ò tíì bọ́ aṣọ ìrìnàjò, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó ń pè é ní Muíbátù Àṣàkẹ́. Kúdírá ń sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn wọn, oòrùn Jímọ̀ ṣì ń ràn lójú fèrèsé.

Mo pariwo "Alhamdulilahi!" débi pé àwọn ará ilé mi sáré jáde, wọ́n ní ṣé èmi ni mo bímọ ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.